Ilẹ̀, Ilé àti Iṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Ìṣítí fún Àwa Tí A Tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀dá láì kọ́kọ́ béèrè ìlú tí wọ́n ti bí ẹnikẹ́ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó fi ìlú bàbá rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì di ẹni àpọ́nlé ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùwàlá tàbí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa yóò ṣe jẹun ni. Ẹlòmíràn lè wí pé kí ló kan áfáà nínú ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ìjọba. Ó kàn án. Ìgbàkígbà tí ìjọba bá ti kéde pé òun fẹ́ pín ilẹ̀, tàbí pé òun fẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́, láàrin ìrun Àlàásárì sí Mọ̀gàríbì ni wọ́n máa ń wá bá wa lórí ẹní. Wọn kì í béèrè bí a ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù náà. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé: Áfáà, bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ abúlé báyìí-báyìí ni wá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

A ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Mẹ̀dínà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé ti kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Nígbà tí àwọn Mùhájirúnà kúrò ní Mẹ́kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn Ànsáárù ní méjì-méjì, ó sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Saadu ọmọ Rabii ni wọ́n so pọ̀ mọ́ Abdurrahman ọmọ Auf. Olówó ni Saadu. Ó sọ fún àlejò rẹ̀ pé kí wọ́n pín dúkìá òun sí méjì, kí ó mú ìdajì. Gbogbo oníwàásù ló máa ń sọ apá ibí yìí, a sì máa ń sọ ọ́ nígbà tí a bá fẹ́ kí àwọn onílé ṣàánú wa. Èyí tí ó kù ni a kì í sọ dáadáa. Abdurrahman ṣàdúà fún un pé kí Ọlọ́hun bùkún dúkìá rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀, kò gba ìdajì náà, ó ní kí wọ́n júwe ọjà fún òun. Wọ́n júwe ọjà Kainukaa fún un. Wàrà gbígbẹ àti òrí ni ó kọ́kọ́ tà níbẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti rí owó san fún ìyàwó. Àwa tí a ń tajà ní Lọ́kọ́jà níhìn-ín, ìtàn tiwa gan-an nìyẹn. Ọjà ni a béèrè nígbà tí a dé, a kò béèrè ìdajì ilé ẹnikẹ́ni.

Lọ́kọ́jà tìkára rẹ̀, ìlú tí ó mọ àlejò ni láti ọjọ́ pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni Baikie, dókítà òyìnbó nì, tẹ ibùdó òwò dó sí ibi tí Odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900 ni Lugard gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè níhìn-ín. Sójà dé, alágbàṣe dé, onísòwò dé: Hausa, Nupe, àti Yorùbá láti apá Ìlọrin àti Ọ̀yọ́. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí wọ́n ni òkè Àgbájà ń sọ èdè tí a ń gbọ́ láìsí ògbufọ̀. Àwọn baba wa sọ fún wa pé nígbà kan, obì àti ọ̀rọ̀ ẹnu tó láti fi tọrọ ibi tí ènìyàn yóò kọ́lé sí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, Lọ́kọ́jà di olú-ìlú. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀ ti di wúrà, tí ìwé sì ti rọ́pò obì.

Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, pé ó di í mú fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ilẹ̀ inú ìlú ńlá, gómìnà ló ń fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ abúlé àti oko, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Kódà òfin náà fi ààlà sí i: bí ó bá jẹ́ ti oko dídá, ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ fún ẹnì kan ní ilẹ̀ tí ó ju 500 hẹ́kítà lọ láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó sì ti ń dáko lórí ilẹ̀ abúlé kí òfin náà tó dé, òfin dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: bí ìjọba bá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe ohun tí yóò ṣe gbogbo ènìyàn láǹfààní, ó lè gbà á padà. Owó ilé, owó irè oko àti owó ohun tí a ṣe sórí rẹ̀ ni wọn yóò san, wọn kì í san owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Rìsíìtì tí ọmọ onílẹ̀ kọ fún wa lórí ìwé pélébé, tí ẹlẹ́rìí méjì tẹ̀ka sí, ẹ̀rí pé a sanwó ni. Kò tíì di àṣẹ. Ènìyàn púpọ̀ nínú wa ń sùn ní àsùnhanrun lórí ìwé pélébé yìí.

Kí ni ẹ̀sìn wí nípa ilẹ̀ pínpín? Ó wí púpọ̀. Ànábì fún àwọn sàhábà rẹ̀ ní ilẹ̀. Ó fún Bilal ọmọ Harith, ará Muzaina, ní ilẹ̀ gbọọrọ kan ní Akiki, lẹ́bàá Mẹ̀dínà. Nígbà tí Úmárù ọmọ Khattab jọba, ó pe Bilal, ó ní kí ó mú ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká láti fi dáko, kí ó dá ìyókù padà. Bilal kọ̀, ó ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ló fún òun. Úmárù ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fún un kí ó fi sé ilẹ̀ mọ́ àwọn ènìyàn, kí ó lè fi ṣiṣẹ́ ni ó ṣe fún un. Ó gba ìyókù, ó pín in fún àwọn Mùsùlùmí. Úmárù yìí kan náà ló fi ọdún mẹ́ta ṣe gbèdéke: ẹni tí ó bá fi òkúta ṣààlà yí ilẹ̀ ká, tí ó sì fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láì fi ṣe nǹkan, ẹlòmíràn lè wọ ibẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàrin wa. Bí ìjọba bá gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì kí àwọn tí kò ní lè rí, ọkùnrin kan yóò gba fọ́ọ̀mù ní orúkọ tirẹ̀, yóò gbà á ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, yóò gbà á ní orúkọ ọmọ tí ó ṣì ń mu ọmú. Koríko yóò hù síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, yóò máa retí kí owó rẹ̀ gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ gbé ìyàwó wọlé ń san rẹ́ǹtì lórí yàrá kan tí òjò ń jò sí. Alhaji ni ọkùnrin tí a ń wí yìí, nítorí náà a kò níí fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Gbogbo wa mọ ọ̀rọ̀ Ànábì nípa ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan, pé ilẹ̀ méje ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn. Saidu ọmọ Zaid, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí a fi àlùjánnà dá lójú, ni obìnrin kan pè lẹ́jọ́ pé ó gba ilẹ̀ òun. Saidu fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un nítorí ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi ẹjọ́ náà lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Obìnrin náà fọ́jú, inú kòtò kan lórí ilẹ̀ náà ni ó já sí tí ó fi kú.

Kódà bí ó bá jẹ́ ti mọ́sálásí, a kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò lágbára. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ mọ́sálásí Ànábì sí ní Mẹ̀dínà, ti àwọn ọmọ òrukàn méjì ni. Wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Kò gbà, ó sanwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ kàn wàyí, a kò sì lè sọ ọ́ ní Lọ́kọ́jà kí a má sọ̀rọ̀ omi. Ní ọdún 2012, Odò Ọya àti Bẹ́núé kún àkúnya. Ní gbogbo Nàìjíríà, àjọ NEMA ka òkú 363, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì sì sá kúrò nílé. A kò ní kí ẹnikẹ́ni ròyìn rẹ̀ fún wa, ojú wa ló ṣe ní Àdánkólò, ní Kàbàwá, ní Ganaja. Ní ọdún 2022, ó tún dé. Òkú lé ní 600 káàkiri orílẹ̀-èdè, omi bo títì Àbújá, ọkọ̀ epo tò bí ìlẹ̀kẹ̀, epo bẹntiróòlù sì wọ́n gógó ní ìlú púpọ̀. Lẹ́yìn méjèèjì, kí ni a ṣe? A kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ilé, a tún ògiri kùn, a padà sí ojú kan náà. Nígbà tí a béèrè ìdí, wọ́n ní Ọlọ́hun ló ń kádàrá. Òótọ́ ni pé Òun ló ń kádàrá. Ṣùgbọ́n Úmárù ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sọ fún un lójú ọ̀nà pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó sì ṣẹ́rí padà. Abu Ubaida bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Ó fèsì pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni àwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Rẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ lórí òkè, tí ó tún lọ ra ti etí odò nítorí pé ó pọ́ọ́kú, kí ó má fi kádàrá bojú.

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rí ti orí òkè rà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi ìjọba wà. Láti ìgbà Ṣàgàrí, láàrin ọdún 1979 sí 1983, ni a ti ń gbọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 1992 wọ́n dá Owó Àkójọ Ilé Orílẹ̀-èdè sílẹ̀: kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí ó lè fi yá owó kọ́lé. Wọ́n ní oníṣòwò náà lè dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ata lórí àtẹ, owó oṣù wo ni ó ní? Èlé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń gbà lórí owó yíyá náà. Ó kéré sí ti báńkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ríbà ni ríbà ń jẹ́, a kò lè sọ fún Mùsùlùmí pé kí ó máa lọ. Ìjọba mọ ọ̀nà mìíràn bí ó bá wù ú. Ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kó 100 bílíọ̀nù náírà jọ pẹ̀lú sùkúùkù, láìsí èlé, tí wọ́n fi ṣe títì. Ohun tí ó ṣe é fi ṣe títì, ó ṣe é fi kọ́lé sí abúlé.

Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú Kúfà dó ní ayé Úmárù, wọ́n pín ilẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, mọ́sálásí àti ọjà wà láàrin. Esùsú ni wọ́n fi kọ́ ilé àkọ́kọ́, iná sì jó o. Wọ́n ránṣẹ́ sí Úmárù pé àwọn fẹ́ lo bíríkì. Ó gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ ju yàrá mẹ́ta lọ, kí wọ́n má sì gbé e ga jù. Yàrá mẹ́ta! Àwa tí a ń bẹ̀rẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ń dúró sí ìpìlẹ̀ fún ogún ọdún, tí àgùntàn ń sùn nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ronú sí yàrá mẹ́ta. Bíríkì alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ pò, páànù tí ó dára, lórí ilẹ̀ gíga tí ìwé rẹ̀ pé, ó sàn ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì inú ẹrẹ̀ lọ.

Ó wá ku ìbéèrè àwọn ọmọ wa. Ìjọba ti gbé ètò iṣẹ́ jáde ní ìgbà púpọ̀. NDE ti wà láti ọdún 1986, ó máa ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. N-Power dé ní ọdún 2016, ₦30,000 lóṣù fún àwọn tí ó kàwé gboyè. Àwọn àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀ láàrin ọdún 2020, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ dúró ní ọdún 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, wọ́n gba ènìyàn 1,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ₦20,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Ìjọba ìbílẹ̀ 21 ni Kogi ní, ẹ ṣírò rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ohun kan náà ló ń dí àwọn ọmọ wa lọ́nà: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Lọ́kọ́jà, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ tí a bí sí Lọ́kọ́jà, wọn kò mọ̀ ọ́n ní Ìlọrin, wọn kò sì kọ orúkọ rẹ̀ síwèé níhìn-ín.

Ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀, a kò níí pa á mọ́ra. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 43, fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé àti ilẹ̀ ní ibikíbi. Abala 42 kọ̀ kí a fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ibi tí ó ti wá. Abala 15 sọ pé kí ìjọba rí i pé olùgbé ní ẹ̀tọ́ pípé níbi tí ó bá ń gbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí èyí.

Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni a ó fi gba ẹ̀tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè, ìdáhùn wa nìyí: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ànábì rọ̀gbọ̀kú nígbà tí ó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tóbi jù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó, ó sì ń tún un sọ títí àwọn sàhábà fi ń wí nínú ara wọn pé ì bá jẹ́ kí ó dákẹ́. Ọmọ tí ó kọ abúlé tí kì í ṣe tirẹ̀ ń jẹ́rìí èké. Àgbà tí ó bá a fọwọ́ sí i ń jẹ́rìí èké. Èyí tí ó tún yí orúkọ bàbá rẹ̀ padà kí ó lè bá ti abúlé náà mu, ìyẹn ti kúrò ní kékeré, nítorí ìkìlọ̀ Ànábì le gan-an lórí ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ mọ́ ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀. Ẹ tún rò ó wò: àyè tí a gbà, ti ta ni? Ó lè jẹ́ ti ọmọ Kakanda kan tí ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé-ìwé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Ọmọ kan tí ó kéú lọ́dọ̀ wa dán an wò. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n ní kí ó fi èdè abúlé rẹ̀ kí àwọn. Kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìtìjú ìyẹn, níwájú ènìyàn mẹ́rin péré ni.

Kí ni kí a ṣe? Ọkùnrin Ànsáárù kan wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ànábì. Ó bi í ohun tí ó wà nílé rẹ̀. Aṣọ kan ni, apá kan ni wọ́n ń tẹ́, apá kan ni wọ́n ń fi bora, àti ife omi kan. Ó ní kí ó kó wọn wá, ó tà wọ́n ní dírámù méjì. Ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra orí àáké wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ki igi bọ àáké náà, ó ní kí ó lọ ṣẹ́gi, kí òun má rí i fún ọjọ́ 15. Ó padà dé pẹ̀lú dírámù mẹ́wàá. Ẹ wo bí ètò náà ṣe rí: irinṣẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, àyẹ̀wò wà níbẹ̀. Kò fún un ní owó oṣù kí ó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àáké yìí ni ó sọnù nínú ètò ìjọba, ó sì sọnù nínú tiwa pẹ̀lú. Ọmọbìnrin yóò kọ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ fíríìdọ̀mù, a ó ta kánópì, a ó se ìrẹsì, a ó dá aṣọ ẹbí, ọ̀gá yóò gba tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò padà lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Wẹ́dà bẹ́ẹ̀, kápẹ́ńtà bẹ́ẹ̀. Owó fíríìdọ̀mù kan ju owó ẹ̀rọ kan lọ. A ti bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ ọ́: nínú sàká àwọn tí ó lówó láàrin wa àti nínú àjọ oṣooṣù, kí a máa ra irinṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí ó bá kọ́ṣẹ́ yanjú. Ọmọ tálákà ni ti sàká, irinṣẹ́ náà sì di tirẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ní díẹ̀, kí ó gba ti àjọ, kí ó máa san án padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé, kí ó lè kan ẹlòmíràn.

Ní ti ìwé ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ yóò kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, a ó sì lọ kí Maigari ní ààfin, pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó ti pẹ́ nílùú máa gba ìwé olùgbé tí orúkọ rẹ̀ gan-an wà nínú rẹ̀, tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ yóò gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, a ó tún padà lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àìlà, kí olúkúlùkù mú ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé, ìbáà ṣe rìsíìtì pélébé. Wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀ kan ti gbà láti bá wa yẹ̀ wọ́n wò, kí ó sì sọ èyí tí ó wà lójú omi. Ẹni tí ó bá ní pulọ́ọ̀tì tí koríko ti bò, kí ó mú ìwé ìyẹn náà wá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mú orúkọ àwọn ọmọ tí yóò parí iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dún yìí wá, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ wọn àti irinṣẹ́ tí wọ́n nílò, kí akọ̀wé lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.